Gáùn Yẹ́lò Létí Adágún

Iléeṣẹ́ omi ń wá ẹbí kan tí wọ́n máa yà ní fọ́tò. Wọ́n fẹ́ káwọn èèyàn máa kó ọmọ wọn wá rìn yí adágún orí òkè ká lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì nílò bàbá, ìyá àti ọmọ tó máa wà lára pósítà. Wọn ò wá ẹbí gidi, torí ẹbí gidi kì í dúró sójú kan. Onígbàjámọ̀ kan ni wọ́n mú ṣe bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n onífọ́tò ni wọ́n mú ṣe ọmọ. Aránṣọ kan tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wọn ní ọ́fíìsì ni wọ́n mú ṣe ìyá.

Ohun kan ṣoṣo ni aránṣọ yìí ń wá níbẹ̀: kí gáùn tó rán wà nínú fọ́tò. Gáùn yẹ́lò ni, ó ní àpò méjì tó rí bí ewé, ọmọ ọdún mẹ́fà ló sì máa bá mu. Ó ti rán irú rẹ̀ kan rí, nítorí náà kò pẹ́ lórí èyí. Ó lọ̀ ọ́, ó ká a sínú ọ̀rá, ó gbé e dání.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, géètìmáànù ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan aránṣọ, kò kí i. Ó wò ó, ó wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ ṣí géètì.

Mádáàmù tó ṣojú iléeṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú náà ni. Ó kó wọn jọ. "Ẹ fọkàn balẹ̀ o. Irin yí omi yìí ká pátá. Ọmọ ò lè já síbẹ̀ láé. Ohun tá a fẹ́ káyé mọ̀ nìyẹn." Ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí. "Èyí ni ọmọ máa wọ̀."

Ṣẹ́ẹ̀tì náà wọ́ dé kókósẹ̀ ọmọ.

"Ha! Mádáàmù," onígbàjámọ̀ ní, "ṣé ọmọ la fẹ́ yà ni, àbí kọ́tìnnì?"

Onífọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ yọ gáùn jáde nínú ọ̀rá. Ó bá ọmọ náà mu rẹ́gí, onífọ́tò sì ní yẹ́lò máa yọ dáadáa lójú omi. Mádáàmù ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà.

"Àǹtí télọ̀, ẹ gbọ́n o!" onígbàjámọ̀ ní. "Àwa là ń rìn, ọjà tiyín là ń polówó."

"Bí mi ò bá polówó ẹ, ta ló máa bá mi polówó ẹ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀nà náà tẹ́jú, bẹ́ǹṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi sì dákẹ́ lódìkejì irin. Aránṣọ di ọwọ́ ọmọ mú.

"Mà, ọwọ́ ń dùn mí."

Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Ó dẹ̀ ẹ́. "Pẹ̀lẹ́, màmá mi."

"Mọ́mì, ẹ rẹ́rìn-ín!" onífọ́tò kígbe níbi bẹ́ǹṣì. Ó kígbe bẹ́ẹ̀ náà lórí afárá. Ó wo inú kámẹ́rà rẹ̀, ó pòṣé. "Ẹ̀rín kọ́ nìyí. Eyín lẹ kàn ń fi hàn mí."

Onígbàjámọ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́. "Oníbàárà mi kan sùn lọ níbi tí mo ti ń fá orí ẹ̀. Nígbà tó jí tó wo dígí, ó ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga mi.'"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan mádáàmù. Aránṣọ gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń dùn ún, kò sì sí nǹkan tó ń dùn mọ́ ọn. Ara rẹ̀ ti kú bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Mádáàmù fa onífọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò lọ sílẹ̀ tó. "Obìnrin yìí gan bí igi. Bí ò bá rẹ́rìn-ín níbi tó kàn, ẹ jẹ́ ká pe ọmọbìnrin tó ń ta bisikíìtì lẹ́nu géètì."

Bí wọ́n bá lé e, gáùn rẹ̀ náà máa bá a lọ. Ìyẹn nìkan ló kàn án. "Ẹ jẹ́ ká dé kọ́nà yẹn," ó ní. "Oòrùn dáa níbẹ̀."

Ní kọ́nà náà, irin ti já níbì kan, wọ́n sì ta okùn dí àlàfo rẹ̀.

"Ibí kọ́!" Mádáàmù fi ọwọ́ lé wọn. "Mo ti ní kí wọ́n wá tún un ṣe."

"Mà, àwọn ló máa bò ó," onífọ́tò ní. Ó tò wọ́n síwájú okùn, ó fi ọmọ sáàárín. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó bá ọmọ de bọ́tìnnì ọrùn gáùn. Nígbà tó dìde, ó ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kún gbogbo ojú rẹ̀, débi pé onígbàjámọ̀ yíjú wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Háà, Mọ́mì! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu géètì, ọmọ náà ò fẹ́ bọ́ gáùn. "Mà, ṣé mo lè mú un lọ sílé?"

"Rárá, màmá mi. Ó ní ẹni tó ni ín."

Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ti kọ́nà nìkan ni ìyá ti rẹ́rìn-ín, òun ni mádáàmù sì mú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: Ẹ KÓ ỌMỌ YÍN WÁ, KÒ SÉWU. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri ìlú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà kan tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà ni wọ́n lẹ ọ̀kan sí, bébà tí kò sẹ́ni tó ń wò mọ́, tó ní fọ́tò ọmọ aránṣọ náà tó sọnù lọ́dún tó kọjá nínú gáùn yẹ́lò alápò ewé, ọmọ tí iléeṣẹ́ omi ò jẹ́ kí wọ́n wá nínú adágún torí pé irin yí i ká pátá. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, àwọn tó ń kọjá ti ń na ìka láti gáùn kan sí èkejì, àti láti èkejì sí okùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, géètìmáànù, tó máa ń lé ìyá ọmọ náà padà tẹ́lẹ̀, ṣí géètì fún àwọn òmùwẹ̀.