Ohun Tó Gbé Liwayway Wọ Ọkọ̀ Sójà

"Ìyá, ẹ tún un sọ kí adájọ́ gbọ́. Ta ló fipá mú ọmọ yín wọ ọkọ̀ náà?"

"Kò sẹ́ni tó fipá mú un, sà."

Kóòtù ìlú Olongapo kún fún ariwo. Agbẹjọ́rò Bustamante, ọmọ ìlú ìyá náà gan-an tó ń gbèjà sójà òyìnbó kan, rẹ́rìn-ín músẹ́. Sójà ọ̀hún, tí wọ́n ní ó pa Liwayway, ọmọ ìyá náà, jókòó láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀ lé e wá láti bárékè. Àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kí ọlọ́pàá ìlú tì í mọ́lé.

"Òjò ń rọ̀, kò sí ọkọ̀ èrò, ó wá bá ọkùnrin tí kò mọ̀ rí lọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bú òkú ọmọ mi o!"

"N ò bú u, Ìyá. Mo ní kí ló gbé e débẹ̀?"

Ìyá náà di igi iwájú rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Èmi ni. Lọ́dún tí ìjì kó omi bo ilé wa, àwọn sójà wọn ló gbé wa kúrò lórí òrùlé. Ọmọdé ni Liwayway nígbà náà. Mo sọ fún un pé, bí wàhálà bá bá ọ níbikíbi, tó o bá ti rí ẹni tó wọ irú aṣọ sójà yẹn, má bẹ̀rù, sá tọ̀ ọ́ lọ."

Bustamante ní òun ò ní ìbéèrè mọ́.

"Ó máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, sà."