Fọ́tò Ìyá Àgbà fún Kàlẹ́ńdà Ìjọ

"Kámẹ́rà tèmi mọ́lẹ̀ ju tìẹ lọ!" Èyítáyọ̀ jágbe mọ́ Morádéyọ̀ àbúrò rẹ̀. Fóònù olówó gọbọi méjèèjì ti ya ìyá àgbà ní Inísà. Kí màmá yan fọ́tò tí yóò lọ sórí kàlẹ́ńdà ìjọ ló kù.

Ìyá àgbà wo fọ́tò méjèèjì. "Àbàjà mi dà?"

"Kámẹ́rà ló bá yín tún ojú ṣe, Màmá. Ẹ ti di ọmọge!" Morádéyọ̀ dáhùn.

"Ọmọge ilé ta? Ní Òkukù, mo jẹ oró àbàjà yìí kí ó tó di oge. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ pa á rẹ́."

Wọ́n tún un yà. Àbàjà tún parẹ́. Ìyá àgbà bu èédú nídìí ìkòkò, ó fi ìka tọ ilà ojú rẹ̀ títí wọ́n fi dúdú bíi kóró iṣin.

"Ẹ yà á wàyí. Kí ó wá pa èyí rẹ́."