Ẹni Tó Ń Pọ́n Àdá Lókè

Ìró àdá tí wọ́n ń pọ́n lára àpáta ṣì wà létí mi. Ọjọ́ tí èmi àti Láyíwọlá ọ̀rẹ́ mi gun òkè yẹn ni mo mọ̀ pé ìrìn àjò ló wù mí láyé.

Ilẹ̀ ṣú bá wa. Ẹni tó ń pọ́n àdá nínú ihò àpáta kan pe orúkọ Láyíwọlá.

Mo ní, "Má dáhùn o!"

"Ojo! Ṣé ìyàwó ẹ ló pè mí ni?" Ló bá jẹ́ ìpè náà.

Ìró náà dákẹ́. Ọrùn rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lójú; n kò rí ọwọ́ kankan.

Lánàá, lẹ́yìn ogójì ọdún lókè òkun, mo kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀: "Mopélọ́lá, irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní a jọ sọdá òkun. Ẹ̀gbọ́n ẹ kò bá mi débí. Ó ṣì ń mí nígbà tí mo sá."