Lẹ́tà Kan Péré Lórí Kọ̀ǹpútà Labeebah

"Kò sí èdè tí kọ̀ǹpútà ń sọ tí èmi Kàmọ́rù kò gbọ́!"

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó gbẹ̀yìn o. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ máa mi orí pé ó ti yé yín. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ òkè yìí náà, ìdajì ló kà, orí ló mì.

1.

Ká má purọ́, Kàmọ́rù mọṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Akwa, ní ìlú Douala ní Kamẹrúùnù, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Èyí tí gbogbo ayé bá ti ní ó kú, òun ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà Labeebah kọ̀ tí kò tàn mọ́, òun ló pè.

Labeebah ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá àti sí fìlà ní Deïdo. Douala ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi kàwé. Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í tiro. Kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, àmọ́ òun nìkan ni ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń gbọ́ tirẹ̀. Ọnà igba ó lé méjìlá ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀, Alhaja Ṣìkẹ́, fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà kó tó kú. Labeebah kó gbogbo wọn sójú kan, ó pe ibẹ̀ ní "Maman". Kò sí wọn níbòmíràn láyé yìí. Iléyá sì ku ọjọ́ mọ́kànlá.

2.

Kàmọ́rù dé Deïdo, ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, ojú rẹ̀ dúdú. Ó ké pí-pí-pí, ó dákẹ́, ó tún ké pí-pí-pí.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó ń wí? Ó ní òun ò rántí nǹkan kan."

Ó tú ìhà rẹ̀, ó yọ pátákó pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka méjì lọ, ó fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dá a padà. Pí kan ṣoṣo. Iná dé!

"Tonton, tu es fort!" Labeebah pàtẹ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, o mọ̀ ọ́n ṣe!"

Àwọn tó jókòó sí Pólì fún ọdún mẹ́rin, kì í ṣe gbogbo wọn ló lè fi etí nìkan mọ ìyẹn. Ẹ bi mí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà dé àárín ọ̀nà, ó dúró, ojú rẹ̀ di búlúù. Kàmọ́rù ní kí Labeebah wá díìsìkì tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Bó ṣe ń kì í bọnú rẹ̀ ni oníbàárà kan dé láti Makepe, tó fẹ́ wọn agbádá. Labeebah ń jáde lọ bá a, ó ní:

"Tonton, Faransé ló ń sọ o. Tó bá bi nǹkan, pè mí, s'il te plaît."

"'Ẹ pè mí' ni! Ẹ! Lẹ́tà kan péré, ẹ̀yin ọmọ Kamẹrúùnù ò lè fi fún àgbà."

"Pardon. Ẹ pè mí."

"Ẹ̀hẹ́n. Máa lọ jàre. Mo ti wí fún ọ, kò sí èdè tó ń sọ tí mi ò gbọ́."

3.

Ìlà mẹ́ta ló yọ. Ìlà kìíní: *Restauration du système*. Kàmọ́rù mi orí, àtúnṣe ni. Ìlà kejì gùn, ó fò ó. Ìlà kẹta ní: *Continuer (O/N) ?*

Ó wá Y, *yes* tó máa ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà elédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rò ó, nítorí èrò náà dára gan-an. Bí Y kò bá sí, a jẹ́ pé N náà kì í ṣe N tí òun mọ̀. N, *nettoyer* ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lọgun ní Akwa láràárọ̀: ẹ̀rọ yìí fẹ́ fọ gbogbo nǹkan nù. O, òfo ni: má fọwọ́ kan nǹkan oní-nǹkan. Èèyàn tó ń ṣọ́ra ni Kàmọ́rù. Ó tẹ òfo.

Nígbà tí Labeebah fi máa wọn oníbàárà tán, tí wọ́n fi máa ná ọjà tán, ó gbóhùn Kàmọ́rù.

"Wá wò ó! Ó ti jí!"

Òkè koríko tútù, sánmà búlúù, kò sí nǹkan míì lójú rẹ̀. Labeebah wò ó títí.

"Tonton, Maman dà?"

"Èwo ni Maman?"

"Kí ló bi yín?"

"Ó ní O àbí N. Mo ní òfo. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"O, *oui* ni, bẹ́ẹ̀ ni." Labeebah jókòó. "Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun máa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́?"

"Ó kọ nǹkan kan," ni Kàmọ́rù wí. "Ó gùn."

Òfo ló tẹ̀. Òfo ló sì bá.

4.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣí fìlà nìyí. Labeebah ò pariwo, kò lé e jáde. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé fóònù, ó ń pe àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Makepe, ní Akwa, dé òdìkejì afárá odò Wouri: "Agbádá tí Maman ṣe fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi." Nígbà tílẹ̀ mọ́, agbádá ti bo tábìlì. Ó tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ọrùn aṣọ, ó fi pẹ́ńsùlù kùn ún títí ọnà abẹ́ rẹ̀ fi yọ, ó wá ń yà á sínú kọ̀ǹpútà padà, òwú kan tẹ̀lé òwú kan. Mẹ́sàn-án ló rí yà kí Iléyá tó dé. Àwọn tí tiwọn kò yá wọ agbádá ọrùn lásán lọ sí yídì. Àwọn ọnà kan ò ní padà láéláé. Aṣọ wọn ti bá ẹni tó ni ín lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí agbádá bo tábìlì yẹn náà ni Kàmọ́rù dé. Ó fa àga, ó mú pẹ́ńsùlù. Láti ìgbà náà, tó bá ti kí Àsárì tán, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni ní Akwa. Ọdún kan ti kọjá. Ọnà kọkànléláàádọ́rin ni wọ́n wà.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣọ́ra. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ tán kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tó bá ṣọ̀wọ́n sí yín kí alátùn-únṣe tó dé, pàápàá jù lọ èyí tó mọṣẹ́. Ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá. Ẹnìkan péré tó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà náà tún bi ìbéèrè kan. Kàmọ́rù gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó gbé e lé itan, ó yíjú sí ọmọ tó lè bí.

"Labeebah," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi kà á."