Fóònù Inú Kọ́mú

Ẹ̀ẹ̀kẹrin lọ́sẹ̀ yìí rèé tí Doña Eduvina ń já wọ ṣọ́ọ̀bù Wilfrán, tó ń tún fóònù ṣe ní ìlú Baní.

"Wilfrán, ṣé o fẹ́ kí n ya wèrè ni? Bí mo bá ti ki fóònù yìí bọ kọ́mú, ṣe ni ìpè ń já!"

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Wilfrán.

"Mama, mo ti sọ fún yín. Tó bá ti kan ara yín, ó máa ń dín agbára ẹ̀ kù ni, kí ìtànṣán má bàa pọ̀ lára yín."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìyẹn? Jẹ́ kó lo gbogbo agbára ẹ̀!"

"Ẹ̀yin náà ló ń dáàbò bò."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Igba èèyàn ló ń retí ìpè mi. Ọ̀la la fẹ́ wó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa lulẹ̀.

"Ìtànṣán ẹ̀ ti fẹ́ pa wá tán!"