Kébù Ọkọ̀ Bàbá Mùtíátù

"Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí ọkọ̀ ojú omi yìí ò tíì gbọ́ ti sítíárìn, a ó tà á ni." Ohun tí àwọn àbúrò bàbá Mùtíátù sọ nìyẹn, lẹ́yìn tí ọ̀sà gbé bàbá náà lọ. Mùtíátù ní kò sẹ́ni tó máa tà á.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó so kébù tuntun, okùn irin tí sítíárìn fi ń darí ọkọ̀, mọ́ ti àtijọ́ tó ti bàjẹ́, ó sì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láti máa fa ti àtijọ́ jáde kí tuntun lè tẹ̀lé e wọlé. Ìyá rẹ̀ wà níwájú, ó ń ti kébù sí i, ó sì ń kùn: "Olóríkunkun ọmọ!" Pákó tó wà láàárín ò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn, ni wọ́n bá ṣàdéhùn: ẹni tó bá gbá pákó lẹ́ẹ̀kan ní kí èkejì máa fà, ẹ̀ẹ̀mejì, kó jù ú sílẹ̀.

Kó. Mùtíátù fà á. Kó. Ó tún fà á. Ìyá rẹ̀ ò kùn mọ́. Omi ń kán lára kébù, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọkọ̀ wà.

"Mùtíátù o!" Ọ̀nà ilé ni ohùn ìyá rẹ̀ ti wá. "Má tíì fà á o, mo lọ mú àtùpà!"

Níwájú ọkọ̀, nǹkan gbá pákó. Kó, kó. Kébù bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ.

Mùtíátù tẹ ẹsẹ̀ mọ́ igi ọkọ̀, ó wé kébù mọ́ ọwọ́. "Ẹni yòówù kí o jẹ́, ọkọ̀ bàbá mi ni. Mi ò ní jù ú sílẹ̀!" Ó fi ìkúùkù gbá pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó wà níwájú mí kanlẹ̀, ó sì rọra ti kébù wá fún un.