Òbúkọ Elétí Kan

Kifayah dé Mọníyà kí wọ́n tó kírun Àsáríì. Ìwé àwòrán kan wà ní abíyá rẹ̀, ó fi ọ̀rá dúdú dì í nítorí òjò. Ọkọ̀ méjì ló wọ̀ láti Alákìá, ọ̀kadà ló sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé kéwú tí ìpàdé kan ti fẹ́ wáyé.

Ìpàdé àwọn olólùfẹ́ Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró ni ọmọbìnrin inú ìtàn aláwòrán kan tí gbogbo wọn ń kà lórí fóònù. Ó ń fa òbúkọ elétí kan láti abúlé dé abúlé, ó ń wá bàbá rẹ̀ tó lọ sóko tí kò padà. Bó bá dé oríta, ìtàn á dúró, fóònù á bi ọ́ pé kí ni kó ṣe. Ibi tí o bá fìka tẹ̀ ni ìtàn máa gbà. Àjèjì ni orúkọ tí ẹni tó ń kọ ọ́ tó sì ń yà á fi sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Lateef tó ń tún fóònù ṣe nídìíkọ̀ a máa búra pé arúgbó onírùngbọ̀n funfun ni, pé Àbújá ló ń gbé.

Oṣù mẹ́rin rèé tí Àwẹ̀ró ti rí bàbá rẹ̀ lórí ẹní àìsàn, tí Iléyá sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Látìgbà náà, ìtàn ò tẹ̀síwájú mọ́. Ohun tó mú kí wọ́n ní kí kálukú kọ ìparí tirẹ̀ wá nìyẹn. Èyí tí ìpàdé bá gbà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí Àjèjì, bóyá á fi parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kifayah fẹ́ kí wọ́n gba tirẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é, kò sì fẹ́ gbé e padà sílé.

Roheem, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé nílé kéwú náà, ló ṣe alága.

"Ẹ rántí ohun tí Àjèjì kọ," ó ní. "Wọ́n ní ká máa fi ìtàn àwọn dárà, inú àwọn á dùn sí i, ká má ṣáà parọ́ mọ́ àwọn. Torí náà, kẹ́nikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ ọ́ sókè pé kì í ṣe ọwọ́ Àjèjì."

Òfin kan tún wà. Bí ẹnì kan bá ṣi ìtàn sọ, àwọn ọkùnrin á pe Subuhanalahi, àwọn obìnrin á pàtẹ́wọ́, bí àwọn èrò ẹ̀yìn ṣe máa ń ṣe fún lèmọ́ọ̀mù tó bá ṣìrun.

Lateef ló kọ́kọ́ dìde. "Kì í ṣe ọwọ́ Àjèjì o!" Nínú tirẹ̀, òbúkọ náà sọ̀rọ̀, ó díje, ó di alága káńsù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò gbà á.

Ó kan Kifayah.

"Bisimilahi," ó ní.

"Ẹ ò tíì sọ pé kì í ṣe ọwọ́ Àjèjì," Roheem rán an létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á ná."

"Kò burú. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ka ìtàn Àwẹ̀ró dé ibi tó dúró sí?"

"Kí n má parọ́, n ò jókòó kà á látìbẹ̀rẹ̀ rí."

"Háà, Àǹtí!" Lateef lu orí tábìlì. "Ẹ ò kà á, ẹ wá fẹ́ bá wa parí ẹ̀!"

Kifayah tú ọ̀rá, ó ń ṣí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ ìdí wọn. Iléyá mọ́. Kò sí ẹran nílé. Àwẹ̀ró fa òbúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ dìde lórí ẹní, ó gba ọ̀bẹ, ó kọjú òbúkọ sí gábàsì. Okùn lásán ló wà nínú àwòrán tó kẹ́yìn.

Mùsílímátù, àgbà obìnrin tó jókòó níwájú, fi etí gèlè nu ojú.

"Subuhanalahi," Roheem ní.

Àwọn ọkùnrin gbè é. Mùsílímátù náà wo Kifayah tàánútàánú, ó sì pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan.

"Kí ló dé?" Kifayah bi wọ́n.

"Etí mélòó ni òbúkọ yẹn ní, arábìnrin?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹran tí etí ẹ̀ ti gé kúrò tọ́ fún Iléyá bí? Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níbí mọ̀ ọ́n. Àwòrán àkọ́kọ́ gan-an ni ajá ti bu etí yẹn jẹ. Látọjọ́ náà la ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa pa á."

Kifayah ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ padà sí àwòrán òbúkọ náà.

"Bóyá Àjèjì gbàgbé," ó ní.

"Ta ló gbàgbé?" Lateef fò dìde. "Àjèjì kì í gbàgbé! Ẹ̀yin tẹ́ ò kà á lẹ gbàgbé!"

"Ẹ má bínú, arábìnrin," Roheem ní. "Ẹ lọ jókòó tì í, kẹ́ ẹ kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ Àjèjì."

Mùsílímátù bá a di ìwé rẹ̀ padà sínú ọ̀rá. "Ọwọ́ rẹ dáa, ọmọ mi," ó ní. "Ó kàn kù díẹ̀ kó jọ ti Àjèjì ni."

Ìyá Kifayah ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nígbà tó wọlé.

"Wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á, Màámi."

"Kí ni wọ́n rí sí i?"

"Etí."

Ìyá rẹ̀ dáwọ́ dúró, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kifayah wá ibì kan jókòó, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó lọ sí àwòrán àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń kírun tán ní Mọníyà, ìparí ìtàn dé sórí fóònù gbogbo wọn: òbúkọ elétí kan ò kú, ó dùbúlẹ̀ ti bàbá Àwẹ̀ró, ó ń jẹ èèpo iṣu Iléyá, Àjèjì sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ̀yin èrò ẹ̀yìn mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pe Subuhanalahi, Roheem, mo ti jókòó kà á látìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, ìyá mi sì ní kí n kí yín."